Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ọ̀rọ̀ tí àwa sítúwọ̀ọ̀dù bá ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa sọ lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru ni, nítorí náà a kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn ju bó ti yẹ lọ.

Àwọn olóyè ní kí a sọ̀rọ̀ kí a tó dìbò lórí owó ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa. Ẹ rántí pé àbá méjì ló wà nílẹ̀. Àbá kìíní ní kí a ná owó náà sí àríyá òpin ọdún. Àbá kejì ní kí a fi rán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Àwa kò kórìíra ìrẹsì àti ẹran o. Ṣùgbọ́n a fẹ́ fi iṣẹ́ kan tó jìnnà sí tiwa ṣe àpẹẹrẹ fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń dìbò lé lórí. Iṣẹ́ náà ni ti àwọn amòòkùn tí wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ awalẹ̀pìtàn nísàlẹ̀ omi àti ní etí omi.

Nígbà tí a sọ èyí lẹ́nu géètì ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n wa kan bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin sítúwọ̀ọ̀dù yìí, kí ló kan awakọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó ti rì láti ayé àwọn baba ńlá wa?" Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ìdáhùn sí ìbéèrè yín ni gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ.

GÍÁBỌ́Ọ̀SÌ INÚ BÁFÙ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo wa mọ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní gáréèjì kan tí a kò ní dárúkọ, wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ méjì tú gíábọ́ọ̀sì bọ́ọ̀sì kan. Kò sí ẹni tó dúró tì wọ́n. Àwọn ọmọ náà lágbára, ara wọn sì yá. Kí ó tó di ọ̀sán wọ́n ti tú u tán. Wọ́n kó jíà, bíárìn, wáṣà àti nọ́ọ̀tì gbogbo sínú báfù kan, wọ́n sì fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní. Ohun gbogbo pé, kò sí èyí tó sọnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì dé, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé. Wáṣà wo ló wà láàárín jíà wo? Ibo ni bíárìn yìí kọjú sí? Bọ́ọ̀sì náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ gé owó oṣù àwọn ọmọ náà, àwa sì lọ jà á ní ọ́fíìsì pé ẹni tí a kò kọ́ ní iṣẹ́, a kì í fìyà ohun tí kò mọ̀ jẹ ẹ́.

Ọkọ̀ tó rì sísàlẹ̀ omi dà bí gíábọ́ọ̀sì yẹn gẹ́lẹ́. Ìtàn rẹ̀ kò sí nínú irin àti igi nìkan; ó wà nínú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wà sí èkejì. Ẹ̀wọ̀n irin tí a bá nínú ikùn ọkọ̀, ní ibi tí a ti ń dé ènìyàn mọ́lẹ̀, ń jẹ́rìí sí ohun kan. Bí ẹnìkan bá fà á yọ láìwọ̀n ibi tó wà, láìyà á sórí ìwé, ó di irin dídípẹtà lásán. Gíábọ́ọ̀sì ṣì ní ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ, a lè wò ó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó rì kò ní ìwé mìíràn ju bí ó ti dùbúlẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì lè tú u.

ỌKỌ̀ CLOTILDA

Ní báyìí, ẹ bá wa kálọ sí ìlú Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1860, olówó kan tí ń jẹ́ Timothy Meaher rán ọkọ̀ Clotilda, tí William Foster jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, lọ sí Ouidah, ní etíkun ibi tí à ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Wọ́n kó ènìyàn bí 110 wá. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Cudjo Lewis, tí kò kú títí di ọdún 1935.

Nígbà tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ ní oṣù Keje, Foster dáná sun ún, ó sì jẹ́ kí ó rì sínú odò Mobile kí ẹ̀rí má bàa sí. Kò sí ẹnìkankan tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀ràn yìí. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, àwọn ènìyàn wa yìí fẹ́ padà sílé, wọn kò rí owó ọkọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, wọ́n tu owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì dá ìlú tí ń jẹ́ Africatown sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o: òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ti ń sọ ìtàn ọkọ̀ náà, tí àwọn kan sì ń sọ fún wọn pé àlọ́ ni.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, omi odò náà fà ju bó ti máa ń fà lọ, àfọ́kù ọkọ̀ kan sì hàn síta nínú ẹrẹ̀. Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Clotilda. Ẹ fojú inú wo bí ara àwọn ará Africatown yóò ti yá gágá. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ síbẹ̀, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Àkọsílẹ̀ ayé àtijọ́ ní Clotilda gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 86, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 23. Èyí tó wà nínú ẹrẹ̀ yìí tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́: kì í ṣe òun.

Wọn kò dáwọ́ dúró. Wọ́n wá apá ibòmíràn nínú odò náà. Omi ibẹ̀ ṣókùnkùn débi pé amòòkùn kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ojú. Wọ́n rí ọkọ̀ mìíràn. Ìwọ̀n rẹ̀ bá ìwé mu, irú igi tí a fi kàn án bá ìwé mu, ìṣó irin rẹ̀ bá àkókò náà mu, àmì iná sì wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ìgbìmọ̀ ìjọba Alabama tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtàn kéde pé Clotilda ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún lè pe àwọn àgbà Africatown ní òpùrọ́. Nítorí pé wọ́n lè sọ "rárá" ní ọdún 2018 ni ayé fi gba "bẹ́ẹ̀ ni" wọn gbọ́ ní ọdún 2019.

TA NI Ó KỌ́ WỌN, KÍ SÌ NI WỌ́N KỌ́?

Lára àwọn tó mòòkùn lọ sídìí Clotilda ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Diving With a Purpose. Àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Láàárín ọdún 2003 sí 2005 ni iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Ken Stewart, tó jẹ́ amòòkùn, pàdé Brenda Lanzendorf, awalẹ̀pìtàn ní Biscayne National Park ní Florida. Obìnrin yìí ní àfọ́kù ọkọ̀ púpọ̀ láti bójú tó, kò sì ní ọwọ́ tó. Ó tún ń wá ọkọ̀ akẹ́rú kan, Guerrero, tó forí sọ òkúta abẹ́ omi ní ọdún 1827 pẹ̀lú ọmọ Áfíríkà 561, tí 41 nínú wọn sì bómi lọ. Stewart ní amòòkùn, Lanzendorf ní ìmọ̀. Wọ́n so méjèèjì pọ̀. Àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ náà ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun. Àkókò ìsinmi wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ fún ènìyàn ni pé ìwé ẹ̀rí amòòkùn tó ti ní kò tó. Ẹnu ọ̀nà lásán ni. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ní mítà 10 nísàlẹ̀ omi, ohun tó ń tẹ ara ènìyàn ti di ìlọ́po méjì ti òkè. Ní mítà 20 ó di ìlọ́po mẹ́ta, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà yóò sì máa tètè tán. Bí ènìyàn bá sáré gòkè, náítírójìn tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò hó bí ìgbà tí a ṣí ìgò mínírà. Ó lè rọ ènìyàn lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á. Nítorí náà wọ́n ń kọ́ láti gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n tó jáde, àti láti má ṣe dá wọ omi láìní ẹnìkejì.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n ń kọ́ bí a ti ń léfòó lókè iṣẹ́ láìfi ara kan ilẹ̀. Bàtà rọ́bà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tí amòòkùn ń wọ̀ lè fọ́ ohun tó ti wà fún 200 ọdún, ó sì lè ru ẹrẹ̀ sókè tí ẹnikẹ́ni kò fi ní ríran mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n. Wọ́n á na tééǹpù gbọọrọ kan gba ojú iṣẹ́ kọjá, wọ́n á dè é mọ́ òpó tí kò lè yẹ̀. Láti ojú ibi méjì tí a mọ̀ lórí tééǹpù yẹn, wọ́n á fa ìwọ̀n lọ bá ohun tí wọ́n rí; ibi tí ìwọ̀n méjèèjì bá ti pàdé lórí ìwé ni ibùgbé rẹ̀. Ẹ̀yin kápẹ́ńtà àti wẹ́dà tí ẹ wà níbí, ẹ mọ iṣẹ́ yẹn. Wọ́n tún ń gbé férémù onígun mẹ́rin lélẹ̀, tí a fi okùn pín sí ojú kéékèèké, wọ́n ń ya ohun tó wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pẹ́ńsù lórí páálí oníke, nítorí pẹ́ńsù ń kọ nínú omi, bírò kì í kọ. Ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n ń ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn tó ti tẹ̀ síwájú sì ń kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń so ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò pọ̀ di àwòrán kan ṣoṣo tí a lè yí kiri wò. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ ṣe gbogbo èyí, títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ́ ọn, kí wọ́n tó gbé e wọ omi.

Ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn ni sùúrù. Igi tó ti mu omi fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, bí a bá gbé e sínú oòrùn, yóò sunkì, yóò sì là. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Mary Rose, rì ní ọdún 1545. Amòòkùn bí 500 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1982. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi omi wọ́n ọn, lẹ́yìn náà wọ́n fi oògùn tó ń dá igi dúró wọ́n ọn, títí di ọdún 2013. Ọdún 31 gbáko! Ẹni tí kò bá ti mọ ibi tí ohun kan yóò sùn, kí ó má gbé e kúrò lórí ibùsùn rẹ̀.

ẸNI TÍ KÒ LÈ LÚWẸ̀Ẹ́ ŃKỌ́?

Ẹ má ṣe rò pé amòòkùn nìkan ni iṣẹ́ yìí wà fún. Iṣẹ́ wà ní etí omi pẹ̀lú, níbi tí omi ń bò tí ó sì ń fà kúrò. Odò Thames ní London ń kún, ó sì ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè tó mítà 7. Nígbà tí ó bá fà, òpó afárá àtijọ́, egungun ọkọ̀ àti ọgbà ìpẹja ayé àtijọ́ á yọ jáde nínú ẹrẹ̀. Láti ọdún 2008 ni ètò kan tí ń jẹ́ Thames Discovery Programme ti ń kọ́ àwọn ará ìlú láti wọ̀n wọ́n àti láti ya wọ́n, nítorí ìgbì omi ń jẹ wọ́n run díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn pẹ̀lú láti mọ wákàtí tí omi yóò padà, láti mọ àtẹ̀gùn tí wọn yóò gbà jáde, láti má ṣe dá lọ, àti láti fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun nítorí àrùn tó wà nínú ìtọ̀ eku.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ tún gbọ́ èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìmòòkùn lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1997 kan awalẹ̀pìtàn tí ń gbowó iṣẹ́ pẹ̀lú. Ètò iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Alábòójútó tí a fi ìwé yàn gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ara òun kò dá kò gbọdọ̀ wọ omi.

BÍ ẸNI TÍ KÒ KỌ́ṢẸ́ BÁ DÉBẸ̀

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1794, ọkọ̀ àwọn Potogí kan, São José, fọ́ sórí àpáta nítòsí Cape Town. Ó kó ọmọ Mozambique tó lé ní 400. Àwọn tó lé ní 200 kú, wọ́n sì tún ta àwọn tó yè. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn awáṣúra dé orí àfọ́kù náà, wọ́n sì pè é ní ọkọ̀ àwọn ará Netherlands. Wúrà ni ojú wọn ń wá, nítorí náà ojú wọn kò rí ènìyàn. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ló wá wo òpó irin tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n béèrè ìdí tí ọkọ̀ fi kó irin tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé nítorí pé ènìyàn fúyẹ́ ju ọjà mìíràn lọ ni wọ́n ṣe di irin sí i, kí ọkọ̀ má bàa ṣubú. Wọ́n bá ẹ̀rí tí ọ̀gá ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ nínú ìwé àtijọ́. Ní ọdún 2015 wọ́n kéde orúkọ rẹ̀ fún ayé, àwọn amòòkùn sì bu erùpẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti Mozambique sórí ibẹ̀. Àwọn òkú náà rí erùpẹ̀ ilé wọn lẹ́yìn ọdún 220.

OHUN TÓ KÀN WÁ NÍLÉ

Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO ṣe àdéhùn kan lórí ohun ìtàn tó wà lábẹ́ omi. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 2005. Àdéhùn náà kan ohun tó ti wà lábẹ́ omi fún 100 ọdún ó kéré tán, ìbáà jẹ́ pé omi bò ó nígbà gbogbo tàbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí a kọ́kọ́ ro ti fífi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ó ní kò gbọdọ̀ di ọjà. Ó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sowọ́pọ̀ láti kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ náà. Ní Dakar, ní Yunifásítì Cheikh Anta Diop, wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní omi Gorée. Àwa náà ní òkun, a ní ọ̀sà, a ní Badagry, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa lọ.

Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ọmọ wa kò lè mòòkùn. Ní ọ̀sà Èkó, àwọn tó ń wa yanrìn ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, láìní sílíńdà, láìní ohun tó bojú, láti kó yanrìn tí a fi ń kọ́lé. Agbára wà lára wọn, èémí wà nínú wọn, ìgboyà ń bẹ. Ohun tó ya àwọn àti amòòkùn inú odò Mobile kì í ṣe agbára. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni, àti ìwé ẹ̀rí, àti ẹni tó ní àṣẹ láti sọ pé, "Ẹ dúró, omi kò dára lónìí."

Ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ béèrè lẹ́nu géètì, ìdáhùn yín rèé. Ohun tó gba orúkọ àwọn ará Africatown padà kì í ṣe ọrọ̀, kì í sì í ṣe ariwo. Àwọn ènìyàn tó ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun ló fi ìsinmi wọn kọ́ bí a ti ń wọ nǹkan dáadáa. Bákan náà, àwọn ọmọ méjì tó tú gíábọ́ọ̀sì sínú báfù kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tó ná kọ́bọ̀ lé wọn lórí ni.

Nítorí náà, Alága, a fara mọ́ àbá kejì, a sì fi nǹkan mẹ́ta kún un. Ìkíní, kí a má ṣe rán ọmọ ẹgbẹ́ kankan sídìí ẹ̀rọ tí a kò kọ́ ọ. Ìkejì, kí ìwé ẹ̀rí tí ó bá gbà jẹ́ tirẹ̀, kí ó lè mú un lọ síbikíbi; kí ó má ṣe wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. Ìkẹta, kí ẹni tó ń bójú tó ààbò ní gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ lè dá iṣẹ́ dúró láìbẹ̀rù ìwé ìdádúró.

Àríyá yóò parí lálẹ́ ọjọ́ kan. Clotilda ṣì wà nínú ẹrẹ̀ odò Mobile lónìí, orúkọ rẹ̀ sì ti mọ́, nítorí àwọn kan jókòó kọ́ṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà tí Alága bá pe ìbò, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òkè pọ̀.

Kí ẹgbẹ́ wa má tú o.